Ọ̀dà Tí Kò Tó

Wọ́n ń pè é ní Jẹ́jẹ́. Kì í ṣe orúkọ tí òbí fún un. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àga ló ń tún ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì: àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, tábìlì tó ń mì, kọ́bọ́ọ̀dù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé mọ́. Bí èèyàn bá gbé àga fún un lọ́jọ́ Ajé, kó má wulẹ̀ yọjú ṣáájú ọjọ́ Ẹtì. Tó bá yọjú, á bá a níbi tó ti ń fi ìka pa ojú igi, bí ẹni ń wá ibi tó ń dun ọmọ. Ṣùgbọ́n tí àga náà bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹni tó sanra jù ládùúgbò jókòó lé e, kò ní dún kẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ìdúró ni ẹ̀gbọ́n ti ń jẹun. Ojú ọ̀nà ló ti ń de bọ́tìnnì. Apẹja ni, ṣùgbọ́n kò ní ọkọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wà lórí ọkọ̀ ẹlòmíì, tó ń fa àwọ̀n ẹlòmíì, tó ń gbọ́ èébú lẹ́nu ẹlòmíì. Ọdún tó gbéyàwó ló ní ó tó gẹ́ẹ́.

"Jẹ́jẹ́, mo fẹ́ ra ọkọ̀."

"Ọkọ̀ wo, bọ̀ọ̀dá mi?"

"Ọkọ̀ ẹja. Àbí mo jọ ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò lójú ẹ?"

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó rà á."

"Ìyẹn dáa. Mo ti rà á."

Ọwọ́ bàbá àgbàlagbà kan ló ti rà á. Apẹja ni bàbá náà nígbà tó ṣì lágbára. Ilé rẹ̀ ni ilé ìkẹyìn kí èèyàn tó kan omi. Ọkọ̀ méjì ló ní. Èyí tó tóbi ló ń fi háyà fún àwọn apẹja, òun ló sì ń jẹ. Èyí tó kéré ti wà lójúkan fún ọdún mẹ́ta, adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Èyí tó kéré yìí ló tà fún ẹ̀gbọ́n ní owó pọ́ọ́kú.

Bàbá kò fi nǹkan pa mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n lọ gbé e, ó mú àwọn méjèèjì yí ọkọ̀ náà ká, ó ń fọwọ́ lu pákó lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ gbọ́ ọ? Pákó rẹ̀ le. Ojú ibi tí pákó ti pàdé pákó ló là. Ẹ tú òwú àtijọ́ inú rẹ̀ dànù. Ẹ ki òwú tuntun bọ̀ ọ́, ẹ fi ọ̀dà bò ó. Kò gbọdọ̀ ku ojú kan. Tó bá ti ku ojú kan, ẹ má gbé e sómi."

"A ti gbọ́, bàbá," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ó ti gbé imú ọkọ̀ sókè.

Wọ́n fi ọmọlanke gbé e délé. Ìyá aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì yọrí síta, abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọkọ̀ rèé àbí ajere?"

"Ajere tí màá fi kó ẹja kọjá níwájú yín ni," ni ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn. "Ẹ má wá bi mí ní 'èló' lọ́jọ́ náà o."

"Tó o bá fi èyí pa ẹja, màá rán ṣòkòtò fún ẹja náà."

Gbogbo títì rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Ó ti ń wo ìdí ọkọ̀ náà, ó ti ń ka ojú tó là.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n dojú rẹ̀ dé sí, lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́fà. Wọ́n pín iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n á pààrọ̀ ìṣó, á kùn ún, á tún àwọ̀n ṣe. Jẹ́jẹ́ á dí ojú pákó, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kì í kánjú. Tó bá ti tìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, á wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ lórí pépà sìmẹ́ńtì. Á fi irin oníkọ́ yọ òwú àtijọ́, tó ti dúdú, tó ń rùn. Á lọ́ òwú tuntun bí okùn, á fi irin pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, á fi òòlù kàn án ní kọ́, kọ́, kọ́, títí tí òwú náà kò fi ní lè wọlé mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa yọ́ ọ̀dà dúdú, bíi ti ojú títì, nínú agolo lórí sítóòfù, tí á fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ lójú ibẹ̀. Òwú nìkan kò lè dá omi dúró. Ọ̀dà ló ń dá a dúró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Lójoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wò ó lábẹ́ ọkọ̀.

"Ṣé ò ń sùn ni?"

"Mo ń ṣe é, bọ̀ọ̀dá mi."

"Àwọn ẹja tó wà lómi nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ ti di bàbá àgbà báyìí."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n á gbé omi tútù wá. Á bẹ̀rẹ̀ fún un lábẹ́ ọkọ̀. "Ẹ mumi, ọkọ mi kékeré. Ẹ má dá ẹ̀gbọ́n yín lóhùn. Oúnjẹ tí kò tíì jiná náà ló máa ń jẹ."

Inú Jẹ́jẹ́ dùn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Kò mọ̀ pé inú òun ń dùn. Ó kàn ń ṣiṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn, ojú kan ṣoṣo ló kù, ní ìdí ọkọ̀ lọ́hùn-ún. Ó ti ki òwú bọ̀ ọ́. Ó yọ́ ọ̀dà, ó ń kùn ún bọ̀. Kó tó dé òpin, búrọ́ọ̀ṣì ń ha ìdí agolo. Ọ̀dà ti tán. Ó dìde, ó mú agolo lọ́wọ́, ó ní kóun lọ ra díẹ̀ sí i.

Fèrèsé ṣí. Ẹ̀gbọ́n yọrí síta, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu, ọṣẹ ń hó létè rẹ̀.

"Jẹ́jẹ́! Ṣé ó ti tán?"

Agolo òfìfo wà lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́. Alẹ́ àná ni ẹ̀gbọ́n bi í bóyá ọ̀dà yẹn máa tó. Ọ̀dà ló wà lọ́kàn rẹ̀.

"Ó ti tán!"

"O ṣé jàre! Ọlọ́run á bá mi ṣe é fún ọ!"

Fèrèsé pa dé.

Ó ti dé ìdajì ọ̀nà kí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní kàyéfì. Ta ló ń dúpẹ́ nítorí pé ọ̀dà tán? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní oorun ló ṣì wà lójú bọ̀ọ̀dá òun. Kò padà. Kò ju ìṣísẹ̀ igba lọ láti padà, ṣùgbọ́n kò padà.

Ọlọ́dà kò tíì ṣí. Jẹ́jẹ́ jókòó sórí àtẹ̀gùn rẹ̀, ó ń wo àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí ọlọ́dà dé, kọ́kọ́rọ́ sọnù. Wọ́n wá a nínú àpò mẹ́rin. Ìgbà tí Jẹ́jẹ́ fi délé, oòrùn ti mú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá sẹ́yìnkùlé. Búlọ́ọ̀kù mẹ́fà ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú pépà sìmẹ́ńtì tó ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ara rẹ̀ ṣe rí.

"Wọ́n ti gbé e lọ," ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n wí láti ẹnu ọ̀nà. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Àwọn mẹ́ta ló bá a gbé e. Ó ní omi ti ń fà, òun ò lè dúró. Ó ní ẹ ní ó ti tán."

Ìgbà yẹn ló yé e.

Ó lọ sétí omi. Kò sáré. Ọkọ̀ ti jìnnà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ketekete, nítorí sínglẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀. Ẹ̀gbọ́n náà rí i. Ó gbé àjẹ̀ sókè lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ, ó ń fò sókè sódò nínú ọkọ̀.

Ọkọ̀ ńlá bàbá wà létí omi níbẹ̀. Ọkùnrin méjì ń to àwọ̀n sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ló kù kí Jẹ́jẹ́ sọ: ẹ bá mi lé e. Ó la ẹnu. Ó wá rò ó pé òwú náà le dáadáa, òun fúnra òun ló kàn án. Omi á mú un wú, á dí. Ó rò ó pé àwọn ọkùnrin yìí á rẹ́rìn-ín: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, Jẹ́jẹ́, o ò tíì parí? Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń jó lórí omi. Ó pa ẹnu dé.

"Wá bá wa gbé ìyókù," ni ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wí.

Ó bá wọn gbé e. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fi gúlúù lẹ ẹsẹ̀ àga kan.

Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ dìde. Nígbà tí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò sí ẹni tó rí ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí i. Ó mọ omi í wẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n àwọ̀n ti dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sáàárín àpáta. Ìdí rẹ̀ ti fọ́ yángá. Kò sí ẹni tó lè wò ó kó mọ ibi tí omi gbà wọlé. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀.

Èèyàn pọ̀ nílé lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn. Ọkọ̀ tó ti jẹrà ni bàbá yẹn tà fún un. Ọkọ̀ tí adìyẹ ń yé sí. Ìyá aránṣọ tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ níjọ́sí ní òun ti sọ ọ́. Ìyá wọn jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Ó ta ikú fún ọmọ mi," ni ó ń wí. "Ó gba owó lọ́wọ́ ọmọ mi, ó gbé ikú fún un."

Jẹ́jẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló gba ohùn rẹ̀. Wọ́n ń bá a kẹ́dùn, wọ́n ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, gbogbo ọwọ́ tó kàn án lẹ́yìn ló dà bí iná.

Bàbá wá. Ó ṣí fìlà láti ìta. Ìyá wọn rí i, ó dìde.

"Ẹ má wọlé."

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá. Mo kàn ní kí n..."

"Mo ní ẹ má wọlé! Ṣé ẹ tún wá ta òmíì ni? Ó ku ẹyọ kan. Òun nìyí níbí. Ẹ wá tà fún un!"

Ó nawọ́ sí Jẹ́jẹ́. Bàbá wo Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ wo ilẹ̀. Bàbá yí padà, fìlà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó háyà ọkọ̀ ńlá mọ́. Àwọn ọkùnrin méjì yẹn wá da àjẹ̀ padà fún un. Wọn ò bá a jà, wọ́n kàn gbé e ti ògiri. Àwọn obìnrin tó ń kọjá lójú ilé rẹ̀ kì í kí i. Jẹ́jẹ́ ń rí gbogbo rẹ̀. Ó ń jí lójoojúmọ́, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òní ni òun máa sọ ọ́. Tó bá wá rí ojú ìyá rẹ̀, á ní ó di ọ̀la. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ń gbé oúnjẹ fún un. "Ẹ jẹun, ọkọ mi kékeré. Ẹ̀yin nìkan la ní." Ó ń jẹ ẹ́. Ìyẹn ló burú jù lójú rẹ̀, pé ó ń jẹ ẹ́, ó sì ń dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ó tó oṣù kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjìji ẹnì kan bọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ni. Ó ti rù.

"Kú iṣẹ́ o."

"Ẹ káàsán, bàbá." Jẹ́jẹ́ dìde. Ìfági bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé o ní àáké? Tèmi ti kú."

"Mo ní, sà. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ọkọ̀ tó kù yẹn ni. Mo fẹ́ là á fún igi ìdáná."

Jẹ́jẹ́ dúró.

"Mo yẹ èyí tí mo tà fún yín wò," ni bàbá wí. Kò bínú. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ léraléra. "Mo fọwọ́ lu gbogbo pákó, ìwọ náà wà níbẹ̀. Mo ní ó le. Ojú mi ti lọ ni, etí mi náà ti lọ, mi ò mọ̀. Nísinsìnyí tí mo bá wo ọkọ̀ ńlá, mi ò mọ ohun tí mo ń wò mọ́. Tí ẹlòmíì bá tún bá a lọ ńkọ́?" Ó sún mọ́ ọn. "Ìwọ lo dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Jọ̀ọ́, sọ fún mi. Pákó wo ló jẹrà tí mi ò rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, sà."

Òótọ́ ni. Irọ́ sì ni. Ó gbé àáké fún bàbá. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún un, ó dojú irin kọ ilẹ̀ kó má baà ṣe é léṣe. Bàbá dúpẹ́, ó lọ.

Jẹ́jẹ́ mú ìfági. Ó gbé e lé igi. Ọwọ́ rẹ̀ kò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn. Láti etí omi, ó gbọ́ ìró kan. Gbà.

Ó ju ìfági sílẹ̀, ó sá jáde. Ìyá aránṣọ dìde níbi ẹ̀rọ rẹ̀. "Kí ló dé? Jẹ́jẹ́! Kí ló ń lé ọ?" Ó ti kọjá lọ. Bó ṣe yí igun ilé bàbá, àáké tún wà lókè, ó tún balẹ̀. Pákó fò. Jẹ́jẹ́ bọ́ sí bàbá lẹ́yìn, ó di ẹ̀rú àáké mú.

"Ẹ má là á! Ẹ má là á mọ́, bàbá. Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Pákó yín le. Kò sí èyí tó jẹrà. Ojú kan ló kù tí mi ò fi ọ̀dà bò. Ọ̀dà ló tán. Bọ̀ọ̀dá mi bi mí láti ojú fèrèsé bóyá ó ti tán, mo rò pé ọ̀dà ló ń bi, mo ní ó ti tán. Òun rò pé iṣẹ́ ni. Mo lọ ra òmíì, wọ́n ti gbé ọkọ̀ lọ."

Bàbá jókòó sórí iyanrìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá àga tí kò sí níbẹ̀.

"O ò mọ̀ pé ó ti lọ?"

Ilẹ̀kùn nìyẹn. Jẹ́jẹ́ lè gba ibẹ̀ jáde. Gbogbo ayé á ní àṣìgbọ́ ni, àánú á ṣe wọ́n.

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Mo débí. Mo rí i. Àwọn tó ń háyà ọkọ̀ yín wà níhìn-ín, ǹ bá ní kí wọ́n bá mi lé e. Ojú ló ń tì mí. Mo rò pé òwú á tó. Mo bá wọn gbé àwọ̀n, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù."

Bàbá yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń wo àpá àáké méjì tó wà lára ọkọ̀ rẹ̀.

"Ọjọ́ tí mo wá sílé yín, o wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀, sà."

"Mi ò sùn láti oṣù kan," ni bàbá wí. "Mò ń fọwọ́ lu pákó lójú oorun." Ó ti àáké sọ́dọ̀ rẹ̀. "Gbé e. Kì í ṣe èmi lo máa sọ èyí fún. Ìyá rẹ ń bẹ nílé."

Ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ lórí okùn nígbà tó dé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo pẹrẹsẹ. Jẹ́jẹ́ dúró láàárín wọn, àáké lọ́wọ́. Ó sọ ọ́. Kò yọ nǹkan kan kúrò. Ó sọ̀rọ̀ fèrèsé, ó sọ̀rọ̀ etí omi.

Ìyá rẹ̀ kó aṣọ mọ́ àyà.

"Tún un sọ."

Ó tún un sọ.

"Nígbà tó o débẹ̀, o rí i?"

"Mo rí i, màmá."

"Òun náà rí ọ?"

"Ó rí mi. Inú rẹ̀ ń dùn."

Ó rò pé á figbe ta. Kò figbe ta. Ó gbé aṣọ kalẹ̀ sórí àga, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Ó wọ̀ ọ́ ní òdì, ó bọ́ ọ, ó tún un wọ̀.

"Níbo lẹ ń lọ, màmá?"

"Mo ti bú bàbá oníbàbá."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ."

"Jókòó síbẹ̀." Kò wo ojú rẹ̀. "Má tẹ̀ lé mi. Jókòó."

Ó jókòó sílẹ̀ níbi tó wà. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ títí tó fi yí igun ilé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ṣì ń ṣa ẹ̀wà. Ó yọ òkúta kan, ó jù ú nù. Ó yọ òmíì.

"Báwo ni ibi tó kù ṣe gùn tó?"

Ó na apá ọ̀tún rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì hàn án: láti ìgúnwọ́ dé ọrùn ọwọ́.

Obìnrin náà wo apá yẹn. Ó wò ó pẹ́.

"O lè máa gbé e wálẹ̀," ni ó wí.

Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wọn, kò sọ "o" fún un rí. Jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ. Ó gbé apá rẹ̀ wálẹ̀.

Ẹ̀wà mọ́. Obìnrin náà dìde, ó lọ fọ̀ ọ́, ó gbé e kaná. Oòrùn kúrò lójú ibi tí Jẹ́jẹ́ jókòó sí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ padà dé, ojú rẹ̀ ti wú, iyanrìn wà lára aṣọ rẹ̀ níbi orúnkún. Ó kọjá lára ọmọ rẹ̀, ó kó aṣọ tó gbé sórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò sẹ́ni tó ní kó dìde.